Òrí, Tìróò àti Awọ Abẹ́ Ojú

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá inú ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ dùn tàbí ó bàjẹ́, ojú rẹ̀ ni a ó wò. Bí a bá sì fẹ́ mọ bí ọjọ́ orí ẹnì kan ti pọ̀ tó, kì í ṣe irun orí rẹ̀ ni a ó fi ṣe ẹ̀rí, nítorí àwọn mìíràn ń hu ewú láti ìgbà èwe, àwọn mìíràn sì ń pa tiwọn láró. Abẹ́ ojú ni ibi tí kì í sáábà purọ́. Awọ ibẹ̀ wà lára ohun tí ó ń kọ́kọ́ hunjọ lára ènìyàn. Ibẹ̀ náà ni àìsùn, ẹkún, àìsàn àti làálàá ti máa ń tètè hàn. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé láti ayé àtijọ́ ni ọmọ ènìyàn ti ń wá ohun tí yóò fi sí i: epo, àtíkè, ìpara, abẹ́rẹ́, títí tí ó fi kan ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ. Ọ̀rọ̀ kékeré ni ó jọ, ṣùgbọ́n bí a bá tọpa rẹ̀ dáadáa, yóò sọ ìtàn ńlá fún wa nípa ara wa.

Kí a tó wọ inú ìtàn náà, ó yẹ kí a mọ irú awọ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Awọ ìpéǹpéjú àti ti abẹ́ ojú ni ó fẹ́lẹ́ jù lọ ní gbogbo ara. Nínípọn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ. Ọ̀rá tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ihò òróró tí ó pọ̀ níwájú orí àti lára imú kò pọ̀ níbẹ̀. Iṣan tí a fi ń ṣẹ́jú sì wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an, iṣan tí kì í sinmi láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí a bá sùn. Nínú awọ náà ni àwọn okùn tín-ín-rín kan wà tí wọ́n dì í mú kí ó má baà rọ̀, gẹ́gẹ́ bí òwú ti ń di ara wọn mú lórí òfì àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, ara kì í ṣe irú okùn bẹ́ẹ̀ tó bí ó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìtànṣán oòrùn náà a sì máa já èyí tí ó wà níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí okùn bá dín kù, awọ a rọ̀, a sì hunjọ bí aṣọ tí a wọ̀ sùn.

Àwọ̀ dúdú tí Ẹlẹ́dàá fi jíǹkí wa kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ohun tí ó sọ awọ wa di dúdú náà ni ó ń gba púpọ̀ nínú ìtànṣán oòrùn mọ́ra kí ó tó dé ibi tí àwọn okùn wọ̀nyí wà. Ìdí nìyí tí ojú adúláwọ̀ fi máa ń pẹ́ kí ó tó hunjọ ju ojú aláwọ̀ funfun lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa yóò padà sí. Ohun tí ìtàn fi hàn ni pé ọ̀nà méjì ni a ti gbà lo ọwọ́ wa sí awọ fẹ́lẹ́ yìí. Ọ̀nà kìíní ni títọ́jú rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni bíbó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò sì jọra ní èdè wa. Ojú wà nínú ‘ìtọ́jú’ fúnra rẹ̀: ẹni tí ó ń tọ́jú nǹkan kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèpo igi ni a ń bó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni a ń bó. Ohun tí a bá sì bó, a ti ṣí i sílẹ̀ fún oòrùn àti afẹ́fẹ́.

Òkè-Ògùn ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Àríwá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni à ń pè bẹ́ẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ni ó wà níbẹ̀, láti Ìsẹ́yìn àti Òkèhò lọ dé Ṣakí, Ìgbòho, Kíṣí àti Ìgbẹ́tì. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, kì í ṣe ilẹ̀ igbó kìjikìji bíi ti Oǹdó. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, òjò kì í sáábà rọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ó bá sì di oṣù kejìlá, ọyẹ́ a máa fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà pẹ̀lú eruku. Ètè a là, gìgísẹ̀ a sán, ara a sì funfun bí ẹni pé a da eérú sí i. Ẹni tí ó bá ń roko nínú oòrùn bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kí ó má fún ojú pọ̀. Bí ó bá sì fún un pọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, ipa rẹ̀ yóò hàn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó ní ọyẹ́ náà ni ó ní òrí. Ibi tí ìṣòro wà, ibẹ̀ ni Olódùmarè gbin ẹ̀rọ̀ rẹ̀ sí.

Igi èmì ni a ti ń rí òrí. Igi ọ̀dàn ni, ó sì gba ilẹ̀ láti Senegal títí dé Gúúsù Sudan àti Uganda. A kì í sáábà gbìn ín. Àgbẹ̀ tí ó bá ń ṣán oko ni ó máa ń dá a sí. Ó lè tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kí ó tó so èso, nítorí náà, ẹni tí ó bá dá èmì kékeré sí, ọmọ rẹ̀ ni ó dá a sí fún. Iṣẹ́ obìnrin ni òrí ṣíṣe. Nígbà tí èso bá ń jábọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, wọn a lọ ṣà á ní ìdájí. Wọn a yọ ẹran ara rẹ̀ kúrò, wọn a se kóró rẹ̀, wọn a sá a, wọn a fọ́ ọ, wọn a yan ohun tí ó wà nínú rẹ̀, wọn a gún un, wọn a sì lọ̀ ọ́ kúnná. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tí ó le jù lọ kàn: wọn a da omi sí i, wọn a máa fi ọwọ́ pò ó títí tí ọ̀rá funfun yóò fi léfòó. Ọ̀rá yìí ni wọ́n ń kó jọ, tí wọ́n ń sè títí omi inú rẹ̀ yóò fi tán, tí wọ́n ń sẹ́, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí ó dì. Ẹni tí ó ra òrí sínú igbá ní ọjà Ṣakí, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni ó rà.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àlejò ti ń kíyè sí òróró yìí. Nígbà tí Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mòrókò, rin ìrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Mali ní ọdún 1352, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ ń fi òróró èso igi kan dín oúnjẹ, wọ́n ń fi tan fìtílà, wọ́n ń fi para, wọ́n sì ń pò ó mọ́ erùpẹ̀ láti fi rẹ́ ilé. Àwọn onímọ̀ gbà pé òrí ni. Ní ọdún 1796, Mungo Park, ará Scotland, rí i bí wọ́n ti ń ṣe é ní ilẹ̀ Bámbárà. Ó ròyìn rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1799. Nítorí èyí, àwọn onímọ̀ ewéko fi orúkọ rẹ̀ sọ igi náà, wọ́n pè é ní Butyrospermum parkii, kí wọ́n tó wá máa pè é ní Vitellaria paradoxa. Báyìí ni àlejò tí ó kàn kọjá lójú ọ̀nà ṣe fi orúkọ ara rẹ̀ sára igi tí àwọn obìnrin ọ̀dàn ti ń ṣà láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Kò sí orúkọ ẹyọ kan nínú wọn tí ó wọ ìwé.

Láàárín àwa Yorùbá, òrí kì í ṣe ohun ìpara lásán. A ń fi í ra ọmọ tuntun lára, a ń fi í sí ìdodo rẹ̀, a ń fi í wọ́ ẹsẹ̀ tí ó rọ́, a sì ń fi í sí imú ẹni tí òtútù mú. Ní ti èyí tí a mẹ́nu kàn kẹ́yìn yìí, ìwádìí kan tí A. Tella tẹ̀ jáde ní ọdún 1979 fi hàn pé ó máa ń la imú tí ó dí ní tòótọ́. Nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀, funfun òrí àti ìtutù rẹ̀ mú kí ó jẹ́ ti Ọbàtálá àti àwọn òrìṣà funfun, gẹ́gẹ́ bí àdín ti jẹ́ èèwọ̀ Èṣù. Ohun ẹ̀rọ̀ ni òrí: ohun tí ó le, a máa rọ̀ ọ́, ohun tí ó gbóná, a máa tù ú. Ẹni tí ó ń fi òrí ra ojú rẹ̀ ní àsìkò ọyẹ́ kò sọ pé òun fẹ́ di ẹlòmíràn. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí ara tí òun ní yìí má ṣe ya.

Ṣé òrí lè pa ìhunjọ abẹ́ ojú rẹ́? Òtítọ́ ni ó yẹ kí a sọ: kò lè pa á rẹ́. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń bo awọ, kì í jẹ́ kí omi inú rẹ̀ tètè gbẹ. Awọ tí omi wà nínú rẹ̀ a máa wú díẹ̀, àwọn ilà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tí gbígbẹ mú wá a sì fara pamọ́. Nǹkan kan tún wà nínú òrí tí ó lè gba díẹ̀ nínú ìtànṣán oòrùn, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó láti jẹ́ ààbò gidi. Akẹtẹ̀ tí àgbẹ̀ ń dé lọ sóko ni ó ń ṣe ìyẹn. Òrí àti akẹtẹ̀, ọ̀kan fún ọyẹ́, ọ̀kan fún oòrùn: bí a bá wò ó dáadáa, ìmọ̀ tí ó jinlẹ̀ ni.

Bí a ti ń yin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ó yẹ kí a rántí pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Àwọn ìyá wa ń kun osùn, wọ́n ń lé làálì, wọ́n sì ń lé tìróò. Tìróò ni ó jẹ mọ́ ojú jù lọ. Òkúta dúdú tí ó ń dán ni, tí a ń lọ̀ kúnná, tí a ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ fà sí etí ìpéǹpéjú. Àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì lò ó. Lárúbáwá ń pè é ní kohl, àwọn Hausa sì ń pe tiwọn ní kwalli. Obìnrin tí ó bá lé e, ojú rẹ̀ a mọ́ kedere, a sì gbé ojú àwọn tí ń wò ó kúrò lára àmì àárẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀. Wọ́n tún gbà pé ó ń tu ojú, pé kì í jẹ́ kí oòrùn pọ́n ọn, pé ó ń mú kí ojú ọmọdé tètè là. Nítorí ìfẹ́ ni wọ́n fi ń lé e fún ọmọ ọwọ́.

Ṣùgbọ́n òjé ni ó wà nínú òkúta náà. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà rí i pé òjé ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ olóṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n wádìí, tìróò tí wọ́n ń lé fún un ni ó fà á. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé òjé ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ lọ. Àjọ tí ń mójú tó àrùn ní orílẹ̀-èdè náà tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2012. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ìbàjẹ́ náà kì í sì í tún ṣe mọ́. Nítorí náà, bí a bá sọ pé ohun kan jẹ́ ti baba wa, a kò tíì sọ pé ó dára. Ohun tí a jogún tí ó ń dáàbò bò wá, kí a dì í mú; èyí tí ó ń pa wá lára láìfura, kí a jẹ́ kí ó lọ. Irú ojú yìí kan náà ni ó yẹ kí a fi wo ohun tí òyìnbó kó dé.

Ní ayé àtijọ́, ìhunjọ ojú kì í ṣe ìtìjú. Àdúrà wa ni pé kí ènìyàn dàgbà, kí ó gbó, kí ó fi erìgì jobì. Ẹni tí ó bá sì fi erìgì jobì, ojú rẹ̀ kò lè dán bí ojú ọmọ ogún ọdún. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ràn ẹwà. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹwà ọ̀dọ́ yàtọ̀, ẹwà àgbà yàtọ̀, olúkúlùkù sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Nígbà tí iwé ìròyìn, sinimá àti ìpolówó ọjà dé pẹ̀lú ojú òyìnbó tí ó ń dán, ìwọ̀n náà yí padà. Ohun méjì ni wọ́n sọ di ẹ̀ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: kí ènìyàn dúdú, kí ó sì gbó. Ọ̀pọ̀ rò pé ìpara kan náà ni yóò wo méjèèjì sàn.

Ibi tí ìpara abóra ti ṣẹ̀ wá yẹ fún gbígbọ́. Ní Amẹ́ríkà, ní òpin àwọn ọdún 1930, àwọn òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ kan ní ilé-iṣẹ́ tí a ti ń pa awọ ẹran láró ṣàdédé rí i pé ọwọ́ wọn ń di funfun ní ojú abawọ̀n abawọ̀n. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ ni ó fà á: kẹ́míkà kan tí ó jẹ́ ẹbí hydroquinone wà nínú rọ́bà náà. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1939. Ohun tí ó jẹ́ jàǹbá fún àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ni àwọn oníṣòwò sọ di ọjà. Kò pẹ́ tí ìpara hydroquinone fi gba ilẹ̀ káàkiri, títí tí ó fi dé ọjà wa. Lẹ́yìn náà ni ìpara sítẹ́rọ́ìdì, oògùn tí àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún àrùn awọ ní ọdún 1952, bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí kò ní àrùn kankan lára, nítorí wọ́n ti rí i pé a máa sọ ara di pupa. Àwọn mìíràn ń lo ọṣẹ tí ó ní mákúrì nínú. Ní ọdún 1976, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì gbé orin Yellow Fever jáde láti fi bú àwọn tí ń bóra. Wọ́n jó orin náà; wọn kò fi ìpara sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ìpara wọ̀nyí ń ṣe ní abẹ́ ojú. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ń mú dúdú tí ó jẹ́ asà wa kúrò, oòrùn a sì rí ọ̀nà wọlé láti já àwọn okùn tí ó di awọ mú. Èkejì, sítẹ́rọ́ìdì kì í jẹ́ kí ara ṣe okùn tuntun. Awọ a máa fẹ́lẹ́ sí i, iṣan ẹ̀jẹ̀ a hàn gbangba, ìhunjọ a sì tètè dé. Awọ tí kò ju ìdajì mìlímítà lọ tẹ́lẹ̀, kí ni yóò kù níbẹ̀? Ẹ̀kẹta, bí hydroquinone bá pẹ́ lára, a máa di dúdú aláró ní egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ní ẹ̀gbẹ́ ojú, àwọ̀ tí ó ṣòro láti wẹ̀ kúrò. Àwọn dókítà South Africa ni ó kọ́kọ́ kígbe rẹ̀ ní ọdún 1975, orílẹ̀-èdè náà sì fi òfin de hydroquinone nínú ohun ìṣaralóge ní ọdún 1990. Ẹ̀kẹrin ni ó burú jù: sítẹ́rọ́ìdì tí a ń fi pa ìtòsí ojú fún ìgbà pípẹ́ lè fa ojú dídí àti àrùn tí ń mú kí ojú le tí ó sì ń fọ́ ọ. Báyìí ni ẹni tí ó ń wá ẹwà abẹ́ ojú ṣe lè pàdánù ojú fúnra rẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin dá NAFDAC sílẹ̀ ní ọdún 1993. Ní oṣù kejì ọdún 2023, àjọ náà kéde pé ara bíbó ti di ewu pàjáwìrì fún ìlera orílẹ̀-èdè yìí.

Ẹnì kan lè bi wá pé, ‘Ṣé kò wá sí ohun tí ìṣègùn òde òní lè ṣe sí awọ abẹ́ ojú tí ó ti fẹ́lẹ́ tí ó sì ti hunjọ?’ Ó wà. Èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ pẹ́ jù ni tretinoin, ìpara tí a ṣe láti ara fítámì A. Albert Kligman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia fi hàn ní ọdún 1986 pé ó ń mú kí awọ tí oòrùn ti bàjẹ́ tún máa ṣe okùn. Ṣùgbọ́n oṣù púpọ̀ ni ó ń gbà, ó máa ń ta awọ, aláboyún kò sì gbọdọ̀ lò ó. Ìtàn ọkùnrin náà ní ẹ̀gún. Láti ọdún 1951 títí di 1974, lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n ọgbà Holmesburg, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ adúláwọ̀, ni ó ti ń dán oògùn awọ wò. Ní ọdún 2022, ìlú Philadelphia tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ náà. Lára awọ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè ni púpọ̀ nínú ìmọ̀ yìí ti wá.

Abẹ́rẹ́ náà wà. Ohun kan tí Karl Meyer àti John Palmer yọ láti inú ojú màlúù ní ọdún 1934 ni a ń gún sí kòtò abẹ́ ojú lónìí láti fi dí i. Ó wúlò fún kòtò ju fún ìhunjọ lọ. Bí abẹ́rẹ́ náà bá sì ṣèèṣì wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ojú lè fọ́. Botox yàtọ̀: májèlé tí Émile van Ermengem tọpa rẹ̀ dé inú ẹran tí àwọn ènìyàn jẹ ní Belgium ní ọdún 1895 ni. Jean Carruthers, dókítà ojú ní Kánádà, ń fi í tọ́jú àwọn tí ìpéǹpéjú wọn ń gbọ̀n, ó sì kíyè sí i pé ìhunjọ iwájú orí wọn ń parẹ́. Òun àti ọkọ rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn jáde ní ọdún 1992. Iṣan ni ó ń mú sinmi. Ìdí nìyí tí ó fi dára fún ilà ẹ̀gbẹ́ ojú tí ẹ̀rín ń fà, tí kò sì lè mú awọ fẹ́lẹ́ nípọn. Ìtànṣán lésà àti àwọn oògùn tí ń ṣí ojú awọ ń dá ọgbẹ́ kékeré kí ara lè ṣe okùn tuntun. Ṣùgbọ́n lára awọ dúdú, ọgbẹ́ náà lè fi àmì dúdú sílẹ̀, nítorí náà, ẹni tí ó mọ awọ wa dáadáa nìkan ni ó yẹ kí a gbé e fún. Èyí tí ó kẹ́yìn ni iṣẹ́ abẹ, tí von Graefe, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, fún ní orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é ní ọdún 1818. Wọn a gé awọ tí ó pọ̀ jù kúrò. Bí wọ́n bá sì gé e kọjá ààlà, ìpéǹpéjú a fà sísàlẹ̀, ojú kò sì ní lè pa dé mọ́.

Bí a bá ka gbogbo rẹ̀ tán, a ó rí i pé kí àwọn dókítà tí ó mọ iṣẹ́ wọn tó dárúkọ abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀bẹ, ohun mẹ́ta ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ: dáàbò bo ojú rẹ lọ́wọ́ oòrùn, má ṣe jẹ́ kí awọ rẹ gbẹ, má sì ṣe fi ohun tí ń bó o pa á. Ọ̀nà ọ̀dàn ni wọ́n ń tọ́ka sí láìmọ̀. Akẹtẹ̀ ni èkíní, òrí sì jẹ́ ọ̀kan nínú èkejì. Ní ti ẹ̀kẹta, a kò nílò ẹnikẹ́ni láti kọ́ wa bí kì í bá ṣe pé a ti gbàgbé.

Ìgbàgbé yìí kì í ṣe ti ojú nìkan. Kóró èmì ń ti ọ̀dàn wa lọ sí òkè òkun nínú àpò, ó sì ń padà wá nínú ìgò kékeré tí a kọ ‘fún abẹ́ ojú’ sí lára, ní owó tí obìnrin tí ó ṣà á kò ní lè san. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé fún oṣù mẹ́fà, a kò gbọdọ̀ kó kóró náà jáde bí a kò bá tíì sọ ọ́ di òrí. Ìjọba sọ pé nǹkan bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún tí gbogbo ayé ń rí ni ó ń ti Nàìjíríà wá, ṣùgbọ́n ìdá kan péré nínú owó ọjà rẹ̀ ni ó ń kàn wá. Ìkéde dára. Ṣùgbọ́n ní Òkè-Ògùn, èédú ti di òwò ńlá, àáké kì í sì í bèèrè iye ọdún tí igi fi dàgbà. Èmì tí ó gba ogún ọdún kí ó tó so, àárọ̀ kan ni a fi ń gé e.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá jí tí ó wo dígí, tí ó rí ìlà tuntun ní abẹ́ ojú rẹ̀, kí ó má ṣe bẹ̀rù, kí ó má sì ṣe sáré lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń ta ìpara aláìlórúkọ. Bí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́ ìtọ́jú, kí ó wá dókítà awọ tí ó ní ìwé ẹ̀rí; kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ohun tí mo fẹ́ fi sí ojú mi yìí, ṣé títọ́jú ni ó ń tọ́jú rẹ̀, àbí bíbó ni ó ń bó o? Bí ó bá rí ìdáhùn, ó ti rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó ń wá. Kí ó sì rántí pé ìlà náà jẹ́ ẹ̀rí pé àdúrà àwọn òbí rẹ̀ ti ń gbà.